Ọkọ̀ ojú omi mú ọkàn mi balẹ̀, àmọ́ Adó-Èkìtì ni mò ń gbé

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará mi. Látìgbà tí yèyé mi ti kú lọ́dún tó kọjá ni ara mi ti ń gbóná sódì. POS ni mò ń ṣe l'Ájílósùn; bí oníbàárà bá bi mí ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ohùn mi á ti le. Àwọn ọmọ mi gan-an ń yọ́ rìn tí mo bá wọlé. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lóṣù tó kọjá mo lọ kí àbúrò mi ní Igbókọ̀dà, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò. Ọkọ̀ akẹ́rù ni, ẹni tó ń kánjú ò lè wọ irú rẹ̀. Àpò gààrí, páànù, àti àwa bíi méje. A kàn jókòó ni. Bí a ṣe ń kọjá lára àwọn ilé orí òpó, ọmọdébìnrin kan ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ tirẹ̀ lọ, ó juwọ́ sí mi. Ni mo bá bú sẹ́kún. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì tí mo dé, mi ò pariwo mọ́ ọmọ. Ó ti tún ń padà báyìí. Òkè ló yí wa ká níbí, èmi ò rí èbúté kankan. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìkún: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Wá sí dáàmù Èrò lọ́dọ̀ wa ní Ìkún-Èkìtì láàárọ̀, kí o wo àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn. Kò dún bí òkun, ṣùgbọ́n omi ni.

Bọ̀dá Ọmúò: Èmi máa ń gba Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ẹ má wọ ọkọ̀ láìsí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì o, ẹ má sì wọ̀ ọ́ lálẹ́.

Ọmọ Ìkọ́gòsí: Àǹtí, ẹ wá sọ́dọ̀ wa náà. Omi tó ń yọ nínú ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó tutù ń ṣàn bọ̀ lápá kejì, wọ́n sì pàdé níbì kan. Ẹ ti ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀, ẹ má ṣe ya fọ́tò.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀gbọ́n, lójú tèmi, ẹ ò tíì sunkún yèyé yín tán. Inú ọkọ̀ yẹn ni ẹ ti ráyè. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ìyá yín lẹ ń rántí, kí wọ́n má rò pé àwọn ló ṣẹ̀ yín. Bí oorun ò bá sì wá lóru, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹni tó béèrè: Nọ́ọ̀sì, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ni àkọ́bí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi ni mò ń pín oúnjẹ. Mi ò jókòó rárá. Mo bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná, èyí àbíkẹ́yìn sì sùn sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyá Ìkún, à ń bọ̀ ní Sátidé. Aago mélòó làwọn apẹja máa ń gúnlẹ̀?

Ìyá Ìkún: Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ wá sùn sílé mi ní Jímọ̀. Kó aṣọ òtútù fáwọn ọmọ.