Ẹ̀yìn èèyàn nìkan ló kún inú fọ́tò mi

Oní365: Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ti pé ọdún kan tí mo ti ń ya fọ́tò kan lójoojúmọ́, iṣẹ́ kọ́ ni mo fi ṣe o, mo kàn fẹ́ ní nǹkan tí mo ń ṣe fún ara mi ni. Lánàá mo kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo ń wò ó látìbẹ̀rẹ̀, àyà mi bá já. Ẹ̀yìn èèyàn ló pọ̀ jù! Ẹni tó ń lọ, ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, òjìji lára ògiri. Nínú odidi 365, bóyá ni ojú èèyàn tó ń wò mí fi pé ogún. Mo sì ti ń sọ fáwọn èèyàn pé stáìlì mi nìyẹn. Ṣé stáìlì ni lóòótọ́ àbí ẹ̀rù èèyàn ló ń bà mí tí mi ò mọ̀?

OjúLalákàn: Ẹ̀rù ni jàre 😂 má bínú. Èmi náà ṣe é rí, lẹ́ńsì 200mm, èyí tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ni mo gbé kọ́rùn fọ́dún méjì, màá wà lódìkejì títì màá ya èèyàn kò ní mọ̀. Ìgbà tó bàjẹ́ tó wá ku 35mm nìkan lójú mi là, torí ìyẹn, tó ò bá sún mọ́ èèyàn, bí èèrà ló máa rí nínú fọ́tò. Ló bá di pé kí n máa la ẹnu béèrè. Ẹni àkọ́kọ́ sọ pé rárá, mo rò pé ilẹ̀ máa lanu ni, ó kàn rẹ́rìn-ín ó bá tiẹ̀ lọ.

ÌyáFíìmù: Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́ ná. Garry Winogrand, ará Amẹ́ríkà tó máa ń ya èèyàn lójú títì, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi fíìmù ẹ̀ sílẹ̀ kó pẹ́ kó tó fọ̀ ọ́, kí bó ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ tó yà á ti kúrò lọ́kàn ẹ̀. Nígbà tó kú ní 1984, róòlù fíìmù tí kò tíì fọ̀ ju 2,000 lọ (ìyẹn náà wá pọ̀ jù). Ìwọ ń fi ìbínú wo tìẹ. Lọ́dún tí mo sin ẹnì kan, ẹ̀yìn èèyàn lèmi náà ń yà, ẹnikẹ́ni ò bà mí lẹ́rù, mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n wo ojú mi ni. Lọ wo déètì àwọn fọ́tò ẹ.

Oní365: Ẹ̀gbọ́n, mo lọ wò ó. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo ojú yẹn wà, lóṣù kẹrin ló di ẹ̀yìn. Mo mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹrin, mi ò lè sọ ọ́ níbí. OjúLalákàn, mo ṣe tìẹ náà o, mo bi ẹni tá a jọ ń gbélé, ó ní kí n dúró kóun lọ bọ́jú! Fọ́tò náà gbọ̀n gan-an, inú òkùnkùn ni, mo gbàgbé kámẹ́rà sí 1/15 (ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú àáyá, ó lọ́ra jù fún ọwọ́ lásán), ṣùgbọ́n mi ò pa á rẹ́.