Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú ẹni tí àrùn ọpọlọ ń bá jà, tàbí tí wọ́n ti tọ́jú yín rí: ẹ wá sọ tiyín

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọpọlọ, Ìlọrin

Ààwẹ̀ ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ tiwa náà sì ti fẹ́ pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìlọrin mọ ohun tí mò ń sọ. Ara aláìsàn á ti yá, á ti máa lọ sọ́jà, á ti máa kírun ní mọ́sáláásí. Ràmàdáánì á dé. Oògùn àárọ̀ á bọ́, tọ̀sán á bọ́, kó tó di ìdajì oṣù, oorun á ti dá lójú rẹ̀. Àwọn ará ilé á ní ìjọsìn ló ń ṣe lóru. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún àwọn ọlọ́kadà ní Ọjà Ọba ni wọ́n tó máa rántí wa.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ (mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀). Alẹ́ ni wọ́n gbé e dé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ti fi ìborùn ìyá rẹ̀ de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń pariwo pé wọ́n fẹ́ pa òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò ni pé ṣe la máa fò mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ á wọlé, ó parí. Nígbà mìíràn ó máa ń débẹ̀ o, n kò ní purọ́. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí èrò kúrò lẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó máa bá a sọ̀rọ̀. Tí ẹni márùn-ún bá ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì tún ń gbọ́ ohùn mìíràn tí àwa ò gbọ́, èwo ni kó dá lóhùn? Mi ò dúró kò ó lójú, ẹ̀gbẹ́ ni mo dúró sí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti lè tó mi, mi ò sì dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Mo kí i. Mo sọ orúkọ mi fún un, mo bi í ní tirẹ̀. Mo ní, "Ọwọ́ yẹn á ti máa dùn ọ́. Ṣé kí n tú u?" Ó wò mí títí. Ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí." Ife oníke la fi bu omi fún un, a kì í lo gíláàsì lọ́dọ̀ wa. Ó mu ún tán, ó jókòó. Ó ṣì gba abẹ́rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló yí ìdí sí wa. Ẹ má rò pé a lọ sùn lẹ́yìn ìyẹn. A ń wo bó ṣe ń mí, a ń wọn ìfúnpá rẹ̀, a ń wò ó bóyá ọrùn rẹ̀ ń le.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi ìyá rẹ̀ nípa oògùn. Ó tú ìdí ìró, ó yọ ọ̀rá dúdú kan jáde. Káàdì oògùn wà nínú rẹ̀, wọn ò já ẹyọ kan níbẹ̀. "Ó ń gbààwẹ̀ ni, Sístà. Mi ò fẹ́ kí ààwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀? Mi ò bá a jà. Dókítà tún oògùn náà tò, ó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóru, lẹ́yìn ìṣínu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé lò bẹ́ẹ̀, olanzapine àti risperidone wà lára wọn. Ṣùgbọ́n dókítà ló ń tún un tò o. Ẹ má fúnra yín kó tàárọ̀, tọ̀sán àti talẹ́ pọ̀ gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Inú Ṣàábáánì, oṣù tó ṣáájú Ràmàdáánì, ni kí ẹ ti wá bá wa, ẹ má dúró dìgbà tí oṣù bá lé.

Ó ku ẹ̀yin. Èmi nìkan kọ́ ló ní ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n aláìsàn, Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, Sístà. Àbúrò mi obìnrin ni tèmi. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ní wọ́n ń ka ohun tó wà lọ́kàn òun jáde lórí rédíò. Ilé àdúrà la kọ́kọ́ gbé e lọ. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kó gba ààwẹ̀. Àpá rẹ̀ ò tíì kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dòní, aṣọ tó gùn balẹ̀ nìkan ló ń wọ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ àwa onígbàgbọ́ nìkan o. Ẹ̀yin ará Ìlọrin náà á rántí àwọn tí ọlọ́pàá lọ tú sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀rẹ̀ 2020, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí a wá dé ọsibítù tán, ohun tó kù díẹ̀ kó lé wa kúrò níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọrùn. Wọ́n gún un ní haloperidol, wọ́n kó oògùn fún wa, a padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ ni ọrùn rẹ̀ bá yí sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ fò sókè, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Ìyá wa bú sẹ́kún. Àwọn ará àdúgbò ní ẹ ò rí i, nǹkan yẹn ló ń jà, kò fẹ́ jáde. Wọ́n ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà síbi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ọkọ mi ló rántí nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì kan kọ sẹ́yìn káàdì wa. Nọ́ọ̀sì yẹn ò jẹ́ kí n tíì sọ̀rọ̀ tán: "Ṣé ojú rẹ̀ náà yí sókè? Ṣé ó ń mí dáadáa?" Ó ní abẹ́rẹ́ yẹn ló fà á, ó sì ní ẹ̀rọ̀, kí a gbé e lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ wa jù, kí a fi káàdì hàn wọ́n. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ̀ náà níbẹ̀, kò pẹ́ rárá tí ọrùn fi padà sípò. Láti ìgbà náà ni Artane, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọrùn le, ti wà lára oògùn rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí ni pé ẹni tó kó oògùn fún wa lójú fèrèsé kò sọ nǹkan kan. Gbólóhùn kan péré ni: "Tí ọrùn bá le, ẹ tètè padà wá." Kò sí ohun tó ná an.

Abẹ́rẹ́ olóṣooṣù ló ń gbà báyìí. Ó ń ránṣọ, ó sì mọ̀ ọ́n rán jù mí lọ. Owó ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìlọrin ló kù tó ń pa wá.

Oníṣòwò, Ìpàtà

Èmi ni wọ́n tọ́jú ní tèmi. Tí nǹkan yìí bá dé, n kì í sùn, kì í rẹ̀ mí, owó kì í sì dúró lọ́wọ́ mi. Mo ra àgbò mẹ́sàn-án láwìn rí, Iléyá ò sí nítòsí. Lẹ́yìn náà n ó wá dùbúlẹ̀, ìwẹ̀ gan-an á di iṣẹ́.

Lithium ni mò ń lò. Sístà tó ń rí mi ní kílíníìkì ló là á yé mi: tí omi bá dín lára, oògùn náà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, èébì á dé, ènìyàn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè pa ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò. Mo bínú. Ọmọ ilé àáfà, ní Ìlọrin ńbí, kí n máa mu omi lọ́sàn-án Ràmàdáánì? Kò bá mi jiyàn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní kí n mú un tọ àáfà mi lọ. Àáfà kà á, ó wá ka Súrátù Bákárà fún mi, ẹsẹ̀ 184: aláìsàn á san ààwẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá sì ká a á bọ́ tálákà. Tálákà ni mò ń bọ́. Ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ni mo ṣì ti ń mu omi mi o, nítorí ojú àwọn ará ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ìgbà kan wà tí mo bọ́ra sílẹ̀ ní ìhòòhò ní wọ́ọ̀dù. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan kọ́kọ́ fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò mí kó tó la ẹnu: "Bàbá Ràṣídá, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀." Ohun tí mo rántí nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kò pọ̀. Mo rántí ìyẹn.

Ìyàwó ilé, Àjàṣẹ́-Ìpo

Sístà, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ mi ò lo oògùn rẹ̀ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ fún un, kí n má sọ. Ṣé kí n ṣe é?

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọpọlọ, Ìlọrin

Ìyàwó wa, ẹ má ṣe é. Ẹni tí àìsàn ti ń sọ fún pé wọ́n fẹ́ fi májèlé pa òun, lọ́jọ́ tó bá rí ẹ̀rí rẹ̀ nínú ọbẹ̀ yín, kò tún ní jẹun yín mọ́ láé. Àti pé òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, èyí tó gba ipò òfin ayé òyìnbó, fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú òun. Ẹ bi í ohun tó kórìíra nípa oògùn náà. Ṣé oorun ni? Ṣé sísanra ni? Àbí ọ̀rọ̀ yàrá ni? Ọkùnrin kì í fẹ́ sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn lójú ìyàwó, nọ́ọ̀sì ọkùnrin lè bá wa bi í. Tó bá jẹ́ pé gbígbàgbé ni, abẹ́rẹ́ wà tó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Ìyàwó ilé, Àjàṣẹ́-Ìpo

Mo bi í. Oorun ni o. Ó ní òun máa ń tòògbé lórí kẹ̀kẹ́, èrò á sì wà lẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọpọlọ, Ìlọrin

Háà! Kó gbé kẹ̀kẹ́ yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ kílíníìkì, kí ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé dání, títí kan àgbo tó bá ń mu.