Mo ń ta ẹja l'Ẹ̀pẹ́, mo fẹ́ lọ wo Róòmù: ìwé wo ni mo máa fi tọrọ fíísà?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa fíísà Schengen, fíísà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kó gbà mí nímọ̀ràn. Ọjà Olúwo níbí l'Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja, tútù àti yíyan, ó ti pẹ́ gan-an, àwọn oníbàárà mi ń wá láti Lẹ́kí, láti Ìjẹ̀bú-Òde, kódà àwọn olóúnjẹ inú Èkó náà ń wá. Ọdún tó ń bọ̀ ni màá pé àádọ́ta ọdún, mi ò fẹ́ ṣe pátì, mo ti sọ fáwọn ọmọ mi pé owó tí mo bá fẹ́ fi pa màlúù kí n fi pe olórin, ìrìn-àjò ni màá fi lọ, kí n fojú ara mi rí Róòmù, kí n yà ní Párís díẹ̀, kí n padà wálé. Mi ò wáṣẹ́ lọ, mi ò sì ní ẹbí kankan lọ́hùn-ún.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé wọ́n ní wọ́n máa bèèrè lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ àti ìwé owó oṣù. Ta ló máa kọ lẹ́tà fún èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ara mi? Káàṣì ló pọ̀ jù nínú owó ọjà, òmíì lọ sínú àjọ, òmíì sì ni mo ń san fáwọn apẹja létí omi kó tó dé báńkì rárá. Ájẹ́ǹtì kan ní kí n má ṣèyọnu, òun máa bá mi kó mílíọ̀nù mélòó kan sínú àkáǹtì fúngbà díẹ̀, òun á sì ṣe ìwé pé mánéjà ni mí nílé-iṣẹ́ kan. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ṣé ọ̀nà míì wà?

Ọmọ Sábo Ìkòròdú:
Ẹ kú ọjà o mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sá fún ájẹ́ǹtì yẹn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí ni kí n máa bá èèyàn to ìwé fíísà, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń ká mi lára torí ọmọlúàbí ni wọ́n ń bà jẹ́. Bí ẹ̀yin náà ṣe ń wo ojú ẹja tí ẹ máa mọ̀ pé ó ti pẹ́ lórí yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní ẹ́ḿbásì ṣe ń wo sítétímẹ́ǹtì, àkáǹtì tí owó kékeré ń wọlé sí tí mílíọ̀nù márùn-ún ṣàdédé balẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á fẹ́ mọ ibi tó ti wá. Ìwé mánéjà yẹn ńkọ́? Wọ́n lè pe ilé-iṣẹ́ náà. Tí wọ́n bá sì já a, kò mọ sí Ítálì nìkan o, orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú Schengen, kọ̀ǹpútà kan náà ni gbogbo wọn ń wò, ìka ọwọ́ téèyàn bá tẹ̀ síbẹ̀, oṣù 59 ló ń lò.

Mà, iṣẹ́ yín gan-an tó ohun téèyàn ń fi hàn. Kò sẹ́ni tó sọ pé olówó oṣù nìkan ló lè lọ wo ìlú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọjà sí báńkì báyìí, ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá tajà, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ oní-POS, kí owó máa wọlé kí ó sì máa jáde bó ṣe ń ṣe gan-an, kí oṣù mẹ́fà tí wọ́n máa wò lè jọ òwò yín. Ẹ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Ẹ san owó orí fún LIRS, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja kọ lẹ́tà pé ọmọ ẹgbẹ́ ni yín, kí nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin fúnra yín kọ lẹ́tà kan, kí ẹ ṣàlàyé bí owó ẹja ṣe ń rìn, bí ẹ ṣe ń san fún apẹja kí ẹ tó tà, torí òyìnbó tó máa kà á kò dé ọjà Olúwo rí. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ẹ fi kún un. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni nǹkan tó máa fà yín padà sílé, ẹ sì ní in.

Àǹtí Badagry:
Òótọ́ lo sọ. Ọkọ àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, wọ́n fún un níwèé pé àwọn ò gbà pé ó máa padà, bẹ́ẹ̀ ó ní ilé, ó níyàwó, ó lọ́mọ, kò sì sí ọ̀kan nínú ẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n bá a tò. Ó dùn mí gan-an.

Mà, orílẹ̀-èdè tí ẹ bá máa pẹ́ sí jù ni kí ẹ kọ̀wé sí. Tó bá jẹ́ Róòmù lẹ máa pẹ́ sí, Ítálì nìyẹn. Tí ọjọ́ bá dọ́gba, ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ̀. Yúrò 90 ni owó fíísà fún àgbàlagbà, owó àwọn tó ń gba ìwé tún wà lọ́tọ̀, wọn kì í dá a padà tí wọn ò bá fúnni. Inṣọ́ránsì ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ tó yúrò 30,000. Ẹ má sanwó tíkẹ́ẹ̀tì pátápátá kí fíísà tó jáde o, ẹ kàn bá wọn mú àyè sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ lè fi fíísà yìí wọ Lọ́ńdọ̀nù, kò sí nínú ẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Olúwa á bù kún yín. Ọkàn mi ti balẹ̀ díẹ̀. Àjọ tí mo ń dá ńkọ́, inú káàdì ni alájọ ń kọ ọ́ sí, ṣé káàdì yẹn wúlò? Ìgbà wo ni kí n tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Tí fíísà bá jáde, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ọmọ Sábo Ìkòròdú:
Ẹ lè fi káàdì náà ti ìwé lẹ́yìn mà, àmọ́ ó sàn kí alájọ fi owó yín ránṣẹ́ sí àkáǹtì nígbà tó bá kàn yín, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó àjọ ni. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù, ọjọ́ 15 ṣáájú ni ìparí ẹ̀, àmọ́ ẹ má dúró dìgbà yẹn torí ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún yín l'Ékòó lè jìnnà. Ẹ wo páásípọ́ọ̀tù yín náà, ó gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún, kí ojú ewé méjì tó mọ́ sì wà nínú ẹ̀.

Kò tíì parí o tí fíísà bá jáde. Ẹni tó wà lẹ́nu ibodè ṣì lè bi yín pé níbo lẹ máa sùn, èló lẹ mú dání, nítorí náà ìwé òtẹ́ẹ̀lì, inṣọ́ránsì àti tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà, kì í ṣe inú àpótí tí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Láti October 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà rọ́pò òǹtẹ̀, wọ́n á ya ojú yín, òun náà láá máa ka ọjọ́ tí ẹ lò. Ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí fíísà dáadáa, torí déètì tó wà lórí ẹ̀ lè gùn ju iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín lọ, iye ọjọ́ yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Àǹtí Badagry:
Tí ẹ bá tún ń ronú láti di oúnjẹ dání, ẹ má gbé ẹran tàbí wàrà o, wọ́n máa gbà á. Ẹja yíyan tí ẹ ti yọ ìfun ẹ̀ ni wọ́n gbà láàyè, tí kò bá ti ju kílò 20 lọ tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́.