Kọ̀ǹpútà tuntun fún fídíò òde: èwo nínú ìlérí wọn ló kan iṣẹ́ wa?

Ọmọ Alágẹmọ (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ẹ̀yin àgbà ìdí kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Bí wọ́n bá ti ń gbé ẹ̀rọ tuntun jáde, ẹnu wọn máa ń dùn ún ròfọ́. Ní oṣù kejìlá 2023, Intel gbé Core Ultra àkọ́kọ́ dé, ìyẹn chip tó jẹ́ ọpọlọ láptọ́ọ̀pù, wọ́n ní ayé AI PC ti bẹ̀rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́fà, Microsoft kéde Copilot+, orúkọ tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà Windows tó lè ṣe iṣẹ́ AI fúnra rẹ̀, ní oṣù karùn-ún 2024, wọ́n ní NPU (apá chip tó ń ṣe iṣẹ́ AI) gbọ́dọ̀ tó 40 TOPS (ìwọ̀n iyára rẹ̀). Ti Core Ultra yẹn kò ju bíi 11 lọ. Ẹni tó rà á nígbà Kérésì ti di ará ẹ̀yìn. Recall, tó ń ya àwòrán ohun tó ń lọ lójú ìbòjú kí èèyàn lè wá a padà, tí wọ́n fi ń polówó Copilot+ náà, wọ́n dá a dúró kí ọjà tó ṣí, ó di oṣù kẹrin 2025 kó tó dé ọwọ́ aráyé. Nvidia náà jáde ní oṣù kìíní 2025, wọ́n ní káàdì àwòrán (GPU) RTX 5070 ti $549 máa ṣe bíi RTX 4090, ọ̀gá ìran tó ṣáájú.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí: fídíò ìgbéyàwó àti Ojúde Ọba, 4K, láti inú kámẹ́rà Sony tó ń gbà á sí H.265 4:2:2 10-bit (ọ̀nà ìfún fídíò pọ̀ tó ń pa àwọ̀ mọ́ dáadáa). DaVinci Resolve, app àtúntò fídíò, la fi ń ṣe é. A tún ń tẹ káàdì ìpè lórí príńtà USB àtijọ́. Ínfátà 1kVA, bátìrì kan, 12V 100Ah. Mo ń wo mẹ́ta: láptọ́ọ̀pù tó ní chip Snapdragon X Elite, láptọ́ọ̀pù RTX 5070, MacBook Air M4. Èwo nínú ìlérí wọn ló wúlò níbí? Àbí kí n dúró de ti ọdún tó ń bọ̀?

Bọ̀dá Ṣàgámù:

Àbúrò, gbàgbé TOPS. Irú fáìlì tí kámẹ́rà yẹn ń kọ ni kó o kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe gbogbo GPU ló lè tú H.265 4:2:2 10-bit (kó ṣí i fún wíwò). Nvidia kò tú u rárá títí ìran RTX 50, tí 5070 wà nínú rẹ̀, fi dé. RTX 4090 gan-an, pẹ̀lú owó gegere tí wọ́n ń tà á, orí CPU (chip àgbà kọ̀ǹpútà) ló máa ń ju iṣẹ́ yẹn sí. Intel ti ń tú u láti ìran 11, nínú iGPU tó wà lára CPU. Apple náà ń tú u láti M1 ti 2020. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù Core i5 ìran 12 tí kò ní GPU ọ̀tọ̀ fi lè ṣí fídíò yẹn geere, nígbà tí RTX 3070 tí wọ́n so mọ́ Ryzen (CPU ti AMD) yóò máa há lójú timeline, ibi tá a ti ń gé fídíò.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: Resolve ọ̀fẹ́ kì í fi GPU tú H.265 lórí Windows. Studio, ẹ̀dà olówó rẹ̀, lo máa rà, $295, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa san án.

Ní ti "5070 bíi 4090" yẹn, ọ̀rọ̀ géèmù ni. Tí káàdì bá ya àwòrán kan, AI á fi mẹ́ta kún un, iye fírémù á ga lójú ìbòjú. Export fídíò (kíkọ ọ́ jáde sí fáìlì) kì í rí èrè kankan níbẹ̀. Ohun tó wúlò fún ẹ nínú RTX 50 ni títú 4:2:2 tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ pariwo.

Má sì jẹ́ kí orúkọ tàn ẹ́. 5070 orí tábìlì ní ìrántí 12GB, ti láptọ́ọ̀pù ní 8GB. Wáàtì náà kì í dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì: RTX 4060 láptọ́ọ̀pù wà láti 35W títí dé 115W, orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo wọn. Kó o tó sanwó, ṣí NVIDIA Control Panel, tẹ System Information, wo Maximum Graphics Power.

Ẹ̀rọ Ìkẹ́nnẹ́:

Bọ̀dá ti sọ ti fídíò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná.

12V ní ìlọ́po 100Ah jẹ́ 1,200Wh. Bátìrì olómi, ìdajì ni ká lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn 600Wh. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀, ẹ fi í sí 500Wh. Láptọ́ọ̀pù RTX tó ń fa 200W nígbà export á gbé e tán ní wákàtí méjì àbọ̀, ẹ ò tíì tan gílóòbù kan o. Tí ẹ bá sì yọ ọ́ kúrò lára iná kẹ́ ẹ lè lo bátìrì inú rẹ̀, GPU á dín agbára rẹ̀ kù gan-an. Air M4, ṣájà 30W tàbí 35W ló ń bá a wá: bí ó tilẹ̀ ń fa 35W láìdáwọ́ dúró, ó máa tó wákàtí 14.

Snapdragon, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, nítorí príńtà yẹn ni. Prism, tó wà nínú Windows, ń jẹ́ kí app x86 (ti chip Intel àti AMD) ṣiṣẹ́ lórí ARM (irú chip Snapdragon), ṣùgbọ́n kò kan driver, ìyẹn app kékeré tó so príńtà mọ́ kọ̀ǹpútà. Driver gbọ́dọ̀ jẹ́ ARM64 gan-an. Ẹ lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe príńtà yín, ẹ mú Windows 11 ARM64. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí USB àtijọ́ má tẹ nǹkan kan, àfi kẹ́ ẹ máa gbé PDF lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Resolve ní ti ARM láti ẹ̀dà 19, kì í ṣe òun ni ìṣòro. Ẹ yẹ driver macOS náà wò kẹ́ ẹ tó ra Mac, torí àìsàn kan náà lè wà níbẹ̀.

Ọmọ Alágẹmọ:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Air kò ní fáànù, ẹ sì mọ ooru oṣù kẹta lọ́dọ̀ wa. Ṣé kò ní dákú? Ṣé 256GB tó?

Àǹtí Àgọ́-Ìwòyè:

Kò ní dákú, á rọra falẹ̀ ni. Export ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ò ní mọ̀. Export fídíò wákàtí méjì, ara rẹ̀ á gbóná, á sì máa dín iyára kù. Tí fídíò gígùn bá jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ wá ẹ̀rọ tó ní fáànù.

256GB kò tó rárá. Tí kámẹ́rà bá wà ní 200Mbps, wákàtí kan jẹ́ 90GB. Kámẹ́rà méjì ní Ojúde Ọba, kí àwọn ẹgbẹ́ tó jó tán ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ẹ fi NVMe (SSD, ibi ìpamọ́ tó yára) sínú àpótí USB 10Gbps, ó máa sún mọ́ 1,000MB/s, iṣẹ́ lẹ máa fi sí ibẹ̀. Tí ẹ bá wá ń wo tòkunbọ̀ Air M2 256GB, ẹ rántí pé chip ibi ìpamọ́ kan ló ní níbi tí M1 ti ní méjì, nítorí náà SSD rẹ̀ lọ́ra ju ti M1 lọ. Ti tuntun ló padà sẹ́yìn!

Bó bá há lójú timeline, ẹ ṣe proxy (ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́, fún àtúntò nìkan): nínú Project Settings, ẹ yan ìdajì ìwọ̀n àti irú fáìlì DNxHR LB, kẹ́ ẹ wá tẹ ọ̀tún lórí fídíò, Generate Proxy Media. Lẹ́yìn náà Playback, Proxy Handling, Prefer Proxies.

Èyí tí mo máa mú, ẹ ò dárúkọ rẹ̀: láptọ́ọ̀pù tó ní chip Intel Core Ultra 7 258V. Ó ń tú 4:2:2, driver príńtà x86 yín á ṣiṣẹ́, kò jẹ iná púpọ̀, RAM rẹ̀ 32GB. 256V jẹ́ 16GB. Ara chip ni RAM wà, ẹ ò lè fi kún un láéláé, iye tẹ́ ẹ bá rà lẹ ní. Ẹ má ṣe dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Bọ̀dá Ṣàgámù:

Mo gbà pẹ̀lú Àǹtí lórí 258V, ju Air lọ nítorí príńtà. Tó o bá yà sí Ryzen, ka nọ́ńbà kẹta: 7520U, 2 yẹn túmọ̀ sí Zen 2, ìran CPU AMD kan, ìmọ̀ ẹ̀rọ 2019 tí wọ́n fi aṣọ 2023 wọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ṣí Task Manager, Performance, Memory. Tí Form factor bá sọ pé Row of chips, RAM ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kọ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, ṣí ìròyìn tó bá gbé jáde, fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Tí ti àkọ́kọ́ kò bá tó 80% ti èkejì, ṣírò owó bátìrì mọ́ ọn. Mac tòkunbọ̀, jẹ́ kí wọ́n nù ún níwájú ẹ, kí wọ́n sì so ó mọ́ Wi-Fi. Tí Remote Management tàbí Activation Lock bá yọjú, ó ṣì ní olúwa níbòmíràn, gbé e padà fún wọn.