Ẹ̀yin tí wọ́n ti bi rí pé "ṣé ọkọ rẹ ń lù ọ́?", kí lẹ dá wọn lóhùn?

Àdùnní Ọ̀yọ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo wà lára àwọn tó ń gba ìdáhùn sílẹ̀ nígbà ìwádìí NDHS ti 2018, èyí tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ìlera àti ọmọ bíbí káàkiri Nàìjíríà. Abala kan wà nínú ìwé ìbéèrè yẹn tó jẹ́ ti ìlùkulù nínú ilé. Obìnrin kan ṣoṣo la gbọ́dọ̀ bi nínú ilé kan, ìyàwó ibẹ̀ ì báà pé mẹ́ta, kí àwọn tó kù má baà mọ ohun tí a bi í. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wọlé dé, ká dákẹ́ ni, tàbí ká yà sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lábúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn, mo ń bá ìyá ọmọ kan sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìyá ọkọ rẹ̀ gbé àpótí wá, ó jókòó tì wá. Mo yà sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Màmá ò dìde. Mo béèrè omi tí wọ́n ń mu, mo béèrè ẹ̀fọn àti nẹ́ẹ̀tì, màmá ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìyàwó yẹn fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ní, "Àǹtí, ẹ máa lọ, ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀." Kò tíì dáhùn ẹyọ kan. Ohun tí mo rí kọ sínú ìwé ni pé kò sí àyè ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti bi rí ńkọ́, ì báà jẹ́ olùwádìí, nọ́ọ̀sì, pásítọ̀ tàbí àáfà ló bi yín? Ṣé òótọ́ lẹ sọ?

Ìyá Ìbejì
Mo ní rárá. Ojú mi wú lọ́jọ́ náà o. Mo ní ilẹ̀kùn ló gbá mi.

Títí Dùgbẹ̀
Ilẹ̀kùn yẹn náà ló gbá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin títí ó fi kú.

Ìyá Ìbejì
Títí, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Bàbá Káyọ̀dé
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi. Mo máa ń gbọ́ iye tí wọ́n ń pè lórí rédíò, pé nínú obìnrin 100, ó lé ní 30 tí wọ́n ti lù. Ta ló kà á? Obìnrin tí inú ń bí sí ọkọ rẹ̀, ṣé kò lè ro ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ fún àlejò tó mú bírò dání?

Àdùnní Ọ̀yọ́
Bàbá, ẹ kú àgbà. Ìdàkejì ohun tí ẹ sọ yìí ni à ń bá pàdé. Nínú ìwádìí 2018 yẹn, láàárín àwọn obìnrin ọlọ́dún 15 sí 49, 31 nínú 100 ló ní wọ́n ti lu àwọn rí láti ìgbà tí àwọn ti pé ọdún 15. Nínú àwọn tí wọ́n lù tàbí tí wọ́n fipá bá lò, 55 nínú 100 ni kò wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tí kò sọ fún ìyá tó bí i, kí ló fẹ́ rí jẹ nínú kó purọ́ fún mi?

A kì í sì í béèrè pé "ṣé ó ń lù ọ́". Bí o bá béèrè bẹ́ẹ̀, wàá gbọ́ "rárá o, ọkọ mi kì í lu èèyàn". Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an là ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ti tì ọ́ rí, tàbí kó sọ nǹkan lù ọ́? Ṣé ó ti gbá ọ létí? Ṣé ó ti lọ́ ọ lápá, tàbí kó fa irun rẹ? Ṣé ó ti kàn ọ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́? Ṣé ó ti ta ọ́ nípàá, kó wọ́ ọ nílẹ̀? Ṣé ó ti fún ọ lọ́rùn, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ fi iná jó ọ? Ẹni tó ní rárá lẹ́ẹ̀kan, kí n tó ka ìkẹta tán, orí rẹ̀ ti ń mì sókè sódò. Ìyá kan ní Ṣakí wò mí, ó ní, "Ṣé gbogbo ìyẹn náà wà lára ìlù ni?"

Bàbá Káyọ̀dé
Ìfọ́tí kan ṣoṣo, ṣé ẹ ó kọ ìyẹn náà mọ́ ọn ni?

Ìyá Ìbejì
A ó kọ ọ́, bàbá. Etí mi òsì kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ìfọ́tí kan ṣoṣo ni.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́
Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè ọrùn tí Àdùnní kà yẹn, torí òun ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan wọlé tòun ti ọkọ rẹ̀, ó ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun, ohùn rẹ̀ há. Ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ojú ìka kankan níbẹ̀. Wọ́n ti ń kọ oògùn ọ̀fun fún un. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, mo rí àmì ẹ̀jẹ̀ wínníwínní nínú funfun ojú rẹ̀. Mo rán ọkọ lọ sanwó káàdì. Mo wá bi í pé, "Nígbà tó dì ọ́ lọ́rùn mú, ṣé o tọ̀ sára?" Ẹkún ló fi dá mi lóhùn.

Ẹni tí wọ́n bá fún lọ́rùn lè dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í ní àpá kankan lóde ara. Ṣùgbọ́n ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọpọlọ lè ya nínú, kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, kí rọpárọsẹ̀ wá dé lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, nígbà tí gbogbo ará ilé ti gbàgbé ìjà ọjọ́ náà. Wọn á ní ayé ló ṣe é.

Nọ́ọ̀sì bíi tiwa kan wà ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, Jacquelyn Campbell lorúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹjọ́ àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin pa wò. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 fi hàn pé obìnrin tí ọkùnrin náà bá ti fún lọ́rùn rí, ewu pé yóò pa á ju ìlọ́po 7 lọ. Láti ìgbà tí mo ti kà á, n kì í jẹ́ kí obìnrin tí ohùn rẹ̀ há kọjá lọ́dọ̀ mi láìbi í.

Aṣọ Òkè
Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Ohùn mi ti há láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní òtútù ni.

Títí Dùgbẹ̀
Yéè! Arábìnrin, níbo lo wà?

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́
Aṣọ Òkè, má dárúkọ ibi tó o wà níbí. Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́fun rẹ? Ṣé orí ń fọ́ ọ, tàbí kí ojú rẹ máa ṣú? Ṣé apá tàbí ẹsẹ̀ kankan ń kú tipiri? Èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn lónìí. Bí kò bá sí ìkankan náà, lọ lọ́la. Sọ fún wọn pé wọ́n fún ọ lọ́rùn, má sọ pé ọ̀fun ń dùn ọ́. Bó o bá kà á tán, pa á rẹ́ lórí fóònù rẹ.

Aṣọ Òkè
Ó ń dùn mí bí mo bá gbé ẹ̀bà mì. Orí ń fọ́ mi. Ẹ ṣé. Ó máa ń gba fóònù mi wò lálẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham
Ẹni tó ń gba fóònù wò, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Èmi, wọn ò gbá mi létí rí. Ọkọ mi ló mú mi wá sí ìlú ọba pẹ̀lú físà ìyàwó. Páàsípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó oṣù mi ń wọ àkáǹtì rẹ̀, ó ń ka àkókò tí mo bá fi lọ sọ́jà. Bí mo bá ní mo fẹ́ pe màmá mi, yóò ní òun á kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, kí wọ́n dá mi padà. Mo gbà á gbọ́.

Nígbà tí mo lóyún, òun ló ń ṣe ògbufọ̀ fún mi níwájú agbẹ̀bí, bẹ́ẹ̀ gẹ̀ẹ́sì mi dán ju tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan agbẹ̀bí yẹn ní kí n lọ tọ̀ sínú ike, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti bi mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán kí ìtọ̀ náà tó tutù.

Òfin England níbí ti ka irú èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ láti December 2015, kódà bí kò bá gbé ọwọ́ sókè sí ọ rí. Ẹni tó bá sì wà lórí físà ọkọ tàbí ìyàwó, tí ilé ò gbà á mọ́ nítorí ìwà ipá, lè tọrọ kí wọ́n jẹ́ kó dúró. Wọ́n fún mi ní oṣù 3 tí mo fi rí owó ìrànwọ́ gbà kí n tó kọ̀wé gidi. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín tó ń bọ̀ wá sí ìhín. Irọ́ ni pé ọkọ lè dá wọn padà bó ṣe wù ú.

Adéọlá
Ṣé èyí náà wá jẹ́ ìwà ipá? Owó ilé tí ọkọ ń dì mú? Bàbá tèmi náà ló ń di gbogbo owó ilé wa mú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham
Adéọlá, ṣé màmá rẹ lè jáde nílé láìgba àṣẹ?

Adéọlá
Màmá mi ò ní ìdí tó fi fẹ́ jáde.

Títí Dùgbẹ̀
Hmm.

Àkàndé
Mo fẹ́ sọ tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi àkọ́kọ́ ló da omi gbígbóná sí mi lẹ́yìn. Mo dé àgọ́ ọlọ́pàá kan, ẹni tó wà lórí káńtà pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ọkùnrin tí obìnrin lù. Ṣẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo padà sílé bẹ́ẹ̀.

Adéọlá
Bọ̀dá, kí lẹ ṣe fún un ná?

Ìyá Ìbejì
Ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n bi èmi nípàdé ẹbí, kí wọ́n tó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ọkọ mi. Má bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́, Adéọlá. Àkàndé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ̀yìn yẹn ti jiná?

Àkàndé
Ó ti jiná. N kì í bọ́ ẹ̀wù níwájú ènìyàn. Ẹ ṣé, màmá.

Bàbá Káyọ̀dé
Èmi ò gbè lẹ́yìn ẹni tó ń lu ìyàwó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹbí ló ń tún ilé ṣe. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ti parí ìjà púpọ̀ ládùúgbò mi, àwọn ọmọ náà sì ń bá ara wọn gbé títí dòní.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, ṣé ẹ ti padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó yẹn láìsí ọkọ níbẹ̀? Ẹni tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì tó ń tutọ́ funfun, ẹ̀yin àgbà á ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́yà Ìkẹjà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti kóòtù. Ní Èkó, òfin ààbò lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ti wà láti 2007. Ìlù nìkan kọ́ ló kà. Fífi ebi pa èèyàn wà níbẹ̀, ìhàlẹ̀ wà níbẹ̀, dída ásíìdì síni lára, bíba dúkìá jẹ́. Adéọlá, a lè gba ìwé ààbò láti ọwọ́ adájọ́ pé kí ẹni náà má sún mọ́ ọ, láìjẹ́ pé a tú ìgbéyàwó ká. Àwọn kan ṣì wà pẹ̀lú ọkọ wọn lẹ́yìn rẹ̀. Èkìtì ṣe òfin tiwọn ní 2011. Nínú òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà ipá tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní 2015, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3 tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀. Àkàndé, ẹ kíyè sí i, "ọkọ" náà wà níbẹ̀. Abuja nìkan ni ìyẹn dé tààrà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Nínú Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, abala 55 gba ọkọ láàyè láti na ìyàwó fún ìbáwí, níbi tí àṣà wọn bá ti gbà á, bí kò bá ti ṣe é léṣe púpọ̀.

Olùkọ́ Ifẹ̀
Ẹ ò tíì mẹ́nu ba àwọn ọmọ. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi, bí mo bá kàn gbé ọwọ́ sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó, ó ti fi ìwé bo orí. N kì í na ọmọ. Àwọn ará ilé wọn ní bàbá ò fọwọ́ kàn án rí, ìyá nìkan ló ń lù.

Ní 1998, àwọn dókítà méjì, Felitti àti Anda, tẹ ìwádìí kan jáde láti San Diego. Wọ́n bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà ní ohun tí ojú wọn rí ní kékeré. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà ni bóyá wọ́n ń lu ìyá wọn. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó nígbà èwe èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ọtí àmujù ń pọ̀ sí i lára rẹ̀ lágbà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "nítorí ọmọ ni mo ṣe dúró", n kì í bá a jà, torí mo mọ̀ pé owó ilé àti ẹnu ayé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá kejì.

Bàbá Káyọ̀dé
Owó ilé lẹ sọ yìí. Ẹ ní kó jáde, níbo ni yóò sùn? Dálémoṣú ni wọn yóò máa pè é. Ta nínú yín ló ní yàrá?

Títí Dùgbẹ̀
Èmi ní yàrá, bàbá. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni yàrá kan ti ṣófo nílé mi fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ti sùn níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́
Bàbá béèrè ohun tó dáa. Ìgbà tí obìnrin bá ń kẹ́rù gan-an ni ewu pọ̀ jù. Kó má sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Kó kọ́kọ́ gbé ìwé ẹ̀rí, káàdì báńkì àti oògùn ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tó fọkàn tán.

Aṣọ Òkè
Mo ti dé ilé ìwòsàn. Ọmọbìnrin kan ní kí n sọ ohun tó ṣe mí, mo ní wọ́n fún mi lọ́rùn. Ó dìde, ó lọ pe dókítà wá. Wọ́n ní wọ́n máa ya àwòrán iṣan ọrùn. Àwọn ọmọ máa jáde nílé ìwé láìpẹ́, mi ò sì ní ẹni tó lè bá mi mú wọn. Fóònù àbúrò mi ni mo fi ń kọ èyí.

Olùkọ́ Ifẹ̀
Ìlú wo? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí èmi nìkan.

Aṣọ Òkè
Mo ti kọ ọ́.

Olùkọ́ Ifẹ̀
Mo mọ ilé ìwé yẹn, ọ̀rẹ́ mi ń kọ́ni níbẹ̀. Ó ti ń lọ bá wọn. Ó ní kí o fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ nílé ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ lo rán an.