Èsì: “àjẹgi” kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbúrò wa tó ń gbé Kánádà fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ lánàá lórí kòkòrò tó ń pa igi páìnì ní British Columbia, ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, irú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bark beetle, tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ó pe kòkòrò náà ní “àjẹgi”, kí n sì tó jí, ẹ ti ń kí i kú oríire. Èmi ò ní kí i fún ìyẹn.

Ẹ wo àmì ohùn orí “a” yẹn ná. Apẹja, apẹran, akọrin, agbẹ́gilére: ohùn àárín ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, olùṣe ni wọ́n. Àjẹkù, àlòkù, àjẹyó ńkọ́? Ṣé àjẹkù ló ń jẹun ni? “Àjẹgi” á wá di igi tí wọ́n ti jẹ. Ẹni tó bá sì sáré kà á, àjẹ́ ló máa kọ́kọ́ rí. Kí ẹnikẹ́ni má fi “àgbẹ̀” dá mi lóhùn o. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ká tiẹ̀ ní ó kọ ọ́ re, “ajẹgi”, ikán nìyẹn. Eléyìí, tó gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 5, abẹ́ èèpo ló ń gbé. Abo ló ń kọ́kọ́ lu ihò wọlé, á wá tú òórùn tó ń pe àwọn yòókù. Igi tó lágbára á fi oje tì wọ́n jáde, àmọ́ bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, oje ò ká wọn mọ́. Wọ́n á gbẹ́ ọ̀nà síbẹ̀, wọ́n á yé ẹyin, ìdin á máa jẹ inú èèpo níbi tí oúnjẹ igi ń gbà kọjá. Wọ́n tún ń gbé ẹ̀yà ohun tó ń mú búrẹ́dì bu wọlé, ìyẹn á dí ọ̀nà omi, inú igi á sì dà bí ohun tí wọ́n rẹ sínú aró. Lọ́dún kejì ewé á pọ́n, lẹ́yìn náà igi á wọ́wé, ó parí.

“Kòkòrò abẹ́-èèpo” ni tèmi, lásán bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí wà: oògùn tí wọ́n bá fín kò lè bá a níbẹ̀. Òtútù pàápàá, àfi kó sún mọ́ ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo, kó sì pẹ́ díẹ̀, kó tó pa ìdin. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n ní British Columbia. Wọ́n sì ti ń pa iná igbó láti ọjọ́ pípẹ́, páìnì àgbà, tí kòkòrò náà fẹ́ràn jù, wá pọ̀ jọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, ó ti dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 hẹ́kítà ní British Columbia, páìnì tó kú sì ju ìdajì èyí tó tó gé fún pákó lọ. Ní 2006 afẹ́fẹ́ gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kọjá òkè Rocky sí Alberta, ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é.

Ìyá ìyá mi ta àgbo títí ó fi darúgbó. Kì í jẹ́ ká bó èèpo igi yíká, ẹ̀gbẹ́ kan la ó gé. Ó ní igi tí wọ́n bó yíká ti kú, kò tíì mọ̀ ni. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa bi léèrè orúkọ, kì í ṣe ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀gbọ́n wa ní London ní ká ṣe bíi tàwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń pe ẹ̀yà tiwọn, èyí tó ń pa igi spruce, ìbátan páìnì, ní Buchdrucker, ìyẹn òǹtẹ̀wé, nítorí ipa tó ń gbẹ́ sábẹ́ èèpo. Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ sọ fún ará Ìbàdàn pé òǹtẹ̀wé ló pa igbó, á bi yín pé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wo. Ẹ̀gbọ́n ò sì sọ pé ní Jámánì kan náà, èèpo ni àwọn oníṣẹ́ igbó ń bó kúrò lára igi tí wọ́n bá gé, kí ọmọ rẹ̀ tó fò jáde.

Bàbá wa l'Ọ̀yọ́, ẹ dákun sà, “arígiṣẹ́gi” tí ẹ dábàá ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: igi wẹ́wẹ́ ló ń kó jọ, tó fi ń kọ́lé gbé kiri. A ò lè gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ní ti “igi eléwé-abẹ́rẹ́” tí ẹ ti ń gbé kiri láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún conifer, ìyẹn àwọn igi bíi páìnì, spruce àti sáípírẹ́sì, mi ò tíì gbà. Abẹ́rẹ́ olóko wà lóko, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ewé sáípírẹ́sì sì rí bí ìpẹ́ ni. Ẹni tó ní “páìnì” ti tó fún gbogbo wọn, ṣé òun náà á máa pe spruce ní páìnì? Kó kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn, kó tó tún bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ gírámà.