Ẹ̀yin tí ẹ ti bá olórin tí ẹ ò rí rí ṣeré láìsí ìdánrawò, ẹ wá sọ tiyín

Alùdùùrù: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olórin. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Èmi àti afunfèrè kan la kọ́kọ́ dé ibi eré, àwọn tó mọ àwa méjèèjì ò tíì dé. Ìkíni lásán ló wà láàárín wa. Ó yọ saxophone rẹ̀, ó ní key wo ni, ìyẹn ohùn tí orin máa dúró lé. Mo ní C. Ohùn tó kọ́kọ́ fun jáde, mo ní háà! Alto, ọ̀kan nínú irú saxophone, ló gbé dání, C tirẹ̀ sì ni E♭ lórí dùùrù tèmi. Mo rò pé yóò dúró ṣàlàyé. Kò dúró. Ó fi etí wá ohùn kan tó bá tèmi mu, ó di ìyẹn mú, ó ń fun ún gbọọrọ. Èmi náà fi kódù, ìyẹn ohùn púpọ̀ tí à ń tẹ̀ pa pọ̀, sílẹ̀, mo tẹ ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, mo ń gbọ́ ibi tó fẹ́ gbà. Ibẹ̀ ni orin ti bẹ̀rẹ̀. Tiyín ńkọ́?

Mi ò Gbàgbọ́: Afunfèrè tó mọṣẹ́, tí kò mọ̀ pé alto ò bá dùùrù dọ́gba? Ìgbà wo ló ra fèrè ọ̀hún?

Ọ̀gá Saxo: Ẹ rọra o. Bí dùùrù bá wà lórí C, A ni alto máa fun, D ni tenor, saxophone tó tóbi jù ú lọ, máa fun. Ẹni tó ń lo méjèèjì, tó tún wá dúró síwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, orí lè mọ̀ ọ́n kí ìka má mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin onígìtá gan-an ló ń fìyà jẹ wá. Ẹ ò mọ key míì ju E lọ! E yín yẹn, C♯ ni fún alto. Ṣáàpù méje, ohùn méje tí a gbọ́dọ̀ gbé sókè díẹ̀! Kí la ṣe fún yín?

Gìtá Àtijọ́: Ọ̀gá, ẹ má bínú sí wa. E ni okùn tó wà lókè pátápátá, E náà ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, A àti B sì wà láàárín wọn. Okùn tí ìka ò tẹ̀ máa ń dún pẹ́, ó máa ń kún etí. Nígbà míì, ẹ sáà ní ká fi kápò, ohun tí à ń fi há okùn mọ́ ọrùn gìtá, sí ojú kìíní. E á di F, tiyín á sì di D, ṣáàpù méjì péré. Ẹ̀yin náà kì í sọ̀rọ̀, ẹ máa ń dijú ni.

Jẹ́jẹ́: Ẹ ti sọ ọ́ di kíláàsì ìṣirò.

Màmá Fáyólíìnì: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Èmi ò tilẹ̀ rí ẹni tí màá bi ní key. Ọkọ̀ ojú irin ni mò ń dúró dè, ó pẹ́, ojo sì ń rọ̀. Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń ta accordion (dùùrù àgbékọ́rùn) fún ara rẹ̀, kò gbé fìlà kalẹ̀ pé kí wọ́n sọ owó sí i. Mo kí i, kò gbọ́ èdè mi, èmi náà ò gbọ́ tirẹ̀. Ó wo àpótí fáyólíìnì mi, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí i. Ó yá, mo ṣí i. Àkọ́kọ́ ná, mo kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò jọ ara wọn, mo sì ń rò pé ọjọ́ orí ni. Nígbà tó ṣe, ó yé mi. Ẹsẹ̀ ìlù mẹ́fà náà ni àwa méjèèjì ń kà, ṣùgbọ́n òun ń pín in ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, èmi ń pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà méjì. A kì í pàdé àfi lórí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ yí tèmi padà, ó mi orí pé rárá, ó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀! Ni mo bá fi í sílẹ̀. Mo tún ṣàkíyèsí pé bó bá fẹ́ kúrò lórí kódù kan, èjìká òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ gbéra. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo èjìká, mi ò wo ìka mọ́. Òun ń dá, èmi ń gbè. Tó bá rẹ̀ ẹ́, èmi á dá, òun á gbè. Ọkọ̀ mi dé, mo jẹ́ kó lọ.

Olùgbọ́: Màmá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ!

Mi ò Gbàgbọ́: Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ò gba nọ́ńbà rẹ̀?

Màmá Fáyólíìnì: Kí n fi ṣe kí ni? Èdè wo la fẹ́ fi bára wa sọ̀rọ̀?

Gbẹ̀dẹ̀mukẹ́: 😂😂 Wọ́n ti dá ọ lóhùn.

Ọmọ Ayàn: Mẹ́ta lórí méjì tí Màmá sọ yìí, nínú rẹ̀ la ń gbé, àwa onílù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń dùn mí. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, omele ló ń di ilẹ̀ mú. Bí ẹni méjì bá pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì á fẹ́ jẹ́ ìyáàlù. Ta ni yóò wá lu omele? Onígìtá kan wà tí a jọ pàdé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò mí! Gbogbo àlàfo tí mo bá fi sílẹ̀, ó ti dí i. Mo gbé ìlù kalẹ̀, mo ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó ń bá a lọ, kò mọ̀ pé mo ti dákẹ́. Nígbà tó parí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní "a gbìyànjú".

Gìtá Àtijọ́: Ìwọ àti ta ni?

Alùdùùrù: Mo mọ irú onígìtá yẹn. Irú rẹ̀ tún wà lẹ́nu dùùrù o, ká má parọ́. Ìka mẹ́wàá, ó fẹ́ lo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nígbà gbogbo.

Ọ̀gá Saxo: Ó wà lẹ́nu fèrè náà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti bá wa ṣe é: àfi kí a mí.

Gbẹ̀dẹ̀mukẹ́: Gìtá bass ni mò ń ta. Omele ni mí látọjọ́ tí mo ti dáyé. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí n wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yìn mí.

Mi ò Gbàgbọ́: Ọmọ Ayàn, tìẹ tiẹ̀ rọrùn. Ìlù ò ní key. Ibi tó bá wù ẹ́ lo lè wọlé.

Ọmọ Ayàn: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Gángan tí mo bá fa ọṣán rẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sókè. Tí mo bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Tí mo bá bá ẹni tuntun ṣeré, dó rẹ̀, ohùn tó jẹ́ ilé orin rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ ń wá, mo sì máa ń gbé ohùn àárín tèmi lé e. Tí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlù á máa sọ tirẹ̀, fèrè á máa sọ tirẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé à ń jà ni. Ṣé o rò pé à ń fún un lábẹ́ abíyá lásán ni?

Mi ò Gbàgbọ́: Ó dáa, mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n agogo ńkọ́?

Ọmọ Ayàn: Lọ bi alágogo.

Olùgbọ́: Èmi ò lu nǹkan kan o, etí ni mo ní. Ẹ ti gbọ́ ti Ry Cooder àti Vishwa Mohan Bhatt? Oṣù kẹsàn-án 1992 ni, ní Santa Barbara ní Amẹ́ríkà, nínú ilé àdúrà kan. Ara Amẹ́ríkà ni ọ̀kan, ará Íńdíà ni èkejì. Wọn ò tíì pé wákàtí kan tí wọ́n fojú kan ara wọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sílẹ̀. Àwo tó jáde níbẹ̀ gba ẹ̀bùn orin Grammy ní 1994. Ẹ wá sọ fún mi pé ìdánrawò pọn dandan.

Mi ò Gbàgbọ́: Mo mọ àwo yẹn, ó dùn. Ṣùgbọ́n gìtá ni àwọn méjèèjì ń ta o. Bhatt fúnra rẹ̀ ló tún gìtá tirẹ̀ ṣe, tó fi okùn kún un, tó ń pè é ní Mohan Veena. Òun ń fa nǹkan lórí okùn, Cooder náà ń fa nǹkan lórí okùn. Ọwọ́ wọn ti mọ ara wọn kí ojú wọn tó pàdé. Onílù tabla, ìlù Íńdíà, sì wà níbẹ̀ tó ń di ilẹ̀ mú, kì í ṣe àwọn méjì nìkan. Omele tí Ọmọ Ayàn ń wá, àwọn ti gbé tiwọn dání.

Màmá Fáyólíìnì: Ọmọ yìí, o mọ nǹkan tó o ń sọ, ẹnu rẹ ló mú jù.

Gbẹ̀dẹ̀mukẹ́: Ẹ tiẹ̀ ní ojúkojú lẹ pàdé. Èmi àti onílù kan gbìyànjú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orílẹ̀-èdè méjì la wà. Mò ń dúró dè é, òun náà ń dúró dè mí, orin náà sì ń falẹ̀ sí i. A bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ jó, ká tó pa ojú dé, ó ti di orin arò.

Ọ̀gá Saxo: Kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fi mítà 10 jìnnà síra lórí pèpéle, ó ti lo nǹkan bí ìdá 29 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé etí. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń sún mọ́ ẹnu ààlà. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, oníkálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ẹnì kejì, bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbẹ̀dẹ̀mukẹ́: Ohun tó yọ wá nìyí: a pa ẹsẹ̀ ìlù tì. Mò ń fa ohùn gígùn, òun ń fi ọwọ́ ra awọ, ó ń gbo síńbálì (irin pẹlẹbẹ tí à ń lù) wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ka ohunkóhun. Ó dùn mọ́ wa.

Gìtá Àtijọ́: Ìyẹn ti kúrò ní orin, ariwo ni. Èwo ni fífi ọwọ́ ra awọ?

Olùgbọ́: Bàbá Gìtá, onígìtá bíi tiyín ló fi irú ẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe. Derek Bailey, ará Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1976 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olórin jọ lábẹ́ orúkọ Company, púpọ̀ nínú wọn ò tíì bára wọn ṣeré rí, kò sí orin tí wọ́n kọ sílẹ̀, kò sí key tí wọ́n fọwọ́ sí.

Gìtá Àtijọ́: Onígìtá ni lóòótọ́. Mo ti gbọ́ ọ. Ariwo ni.

Alùdùùrù: Ẹ̀yin ará, ẹ ń ká ohùn sílẹ̀ àbí ẹ kì í ká a? Èmi máa ń tan fóònù.

Ọmọ Ayàn: Bí fóònù bá ti ń wò mí, ọwọ́ mi á le. Màá máa lu ohun tí mo ti lù rí tó dùn.

Màmá Fáyólíìnì: Mi ò ká tiwa sílẹ̀. Kò dùn mí.

Ọ̀gá Saxo: Ẹ sọ nípa ìparí ná. Bíbẹ̀rẹ̀ ò le. Báwo lẹ ṣe ń parí ohun tí ẹ ò ṣètò? Èmi máa ń gbé ẹnu fèrè sókè, màá tún ìlà ìkẹyìn fun lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ olórin ló mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni òpin.

Gbẹ̀dẹ̀mukẹ́: Èmi ò mọ̀ ọ́n nígbà kan o! Afuntirómpẹ́ẹ̀tì kan ni mo bá pàdé. Ó fun ún lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé ó fẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀. Òun náà rí i pé mo bẹ̀rẹ̀, ó rò pé ó ṣì ń wù mí, ó tẹ̀ lé mi. Ó tún fun ún lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò fẹ́ já ẹnì kejì kulẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ilé ló wá pa iná mọ́ wa lórí, ó ní òun náà nílé tí òun ń lọ. Nínú òkùnkùn ni a ti wá gbọ́ lẹ́nu ara wa pé ó ti pẹ́ tó ti ń wu àwa méjèèjì láti parí rẹ̀.

Mi ò Gbàgbọ́: Èyí nìkan ni mo gbàgbọ́ látàárọ̀.